Ìka Kẹrin

Ní Bergen, òjò ni.
Òjò láàárọ̀, òjò lálẹ́,
òjò tí kò bínú, tí kò sì dákẹ́,
bí ẹni tó ń ròyìn fún ara rẹ̀.
Ìrì dídì kì í yà lọ́dọ̀ wa ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún;
bó bá sì yà, kì í mu omi kó tó dìde.

Kí wá ni mo ń wá lọ́dọ̀ Oddvar
ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá,
nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń rùn rọ́bà àti kọfí àná?

Bàbá mi ń gbé lẹ́yìn òkè, ní Haugastøl,
níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń la funfun kọjá
bí abẹ́rẹ́ nínú òwú.
Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ó ní òun ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń lọ nígbà òtútù?"
Mo fi ìka kà á: Kérésì,
ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní Fẹ́búárì, Àjíǹde.
Ìka kẹrin náà dìde, n kò pè é.
Oddvar wò ó. Kò bèèrè.

Ó kọ́kọ́ yí rímù kan sọ́dọ̀ mi,
aluminiọ́mù, íǹsì mọ́kàndínlógún,
ó ń dán bí eyín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó oṣù.
Mo rí ojú mi nínú rẹ̀: ojú ajigbèsè.
"Fún fọ́tò, ó dáa," Oddvar ní,
"àmọ́ iyọ̀ ojú títì á jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó,
táyà rẹ̀ sì tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ẹ kó sí kòtò kan, ẹ gbọ́ gbì, ó parí."

Ó wá lọ fa òmíràn yọ lẹ́yìn àgbá epo:
irin dúdú, íǹsì mẹ́rìndínlógún,
kò lẹ́wà, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wo òun.
Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀,
bí a ṣe ń fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé,
tó jẹ́ òun ló máa ń dúró kó àga.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣó.
Rọ́bà rírọ̀ wà tí kò nílò ìṣó,
òtútù kò lè sọ ọ́ di igi,
kì í pariwo lórí títì tútù.
Oníṣó ńkọ́? Kàrà-kàrà, kàrà-kàrà,
bí eku nínú àpò ìrẹsì,
ìlú á sì tún gbowó lórí rẹ̀.
Fún òjò wa yìí, fún ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré,
ọlọ́gbọ́n á mú èyí tó dákẹ́.

Àmọ́ mo rántí Àjíǹde èṣí.
Táyà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo wọ̀ gun òkè.
Ọ̀nà ń yọ̀, èmi ò yọ̀.
Ní kọ́nà kan, mọ́tò yí padà jẹ́jẹ́,
bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé,
ó dúró, ó kọjú sí Bergen.
Aslaug tó ń wa ọkọ̀ akóyìnyín sọ̀ kalẹ̀.
Kò bá mi wí. Ó kàn fi bàtà ta táyà mi:
"Ijó lèyí wà fún," ló wí, ó sì so okùn mọ́ mi.

Ìrìn mẹ́ta lè wo ojú ọjọ́.
Mo lè sún Kérésì síwájú,
kí n jẹ kéèkì ọjọ́ ìbí lọ́jọ́ kejì.
Ìrìn ìka kẹrin kì í wo ojú ọjọ́:
fóònù á dún ní aago mẹ́ta òru,
ìrì dídì ì báà ga tó ìbàdí.

"Ẹ fún mi ní oníṣó," mo wí.
Ìṣó ni, ìṣọ́ ni.
Oddvar kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ní mo gbọ́n, kò ní mo gọ̀.

Lálẹ́, Bàbá pè. Kò kí mi.
"Ṣé o ti ra táyà?"
"Mo ti rà á."
Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń ju igi sínú sítóòfù.
"Onírìn dúdú?"
"Bẹ́ẹ̀ ni."
"Ó dáa. Èyí tó ń dán kì í pẹ́."

Wọ́n wà nísàlẹ̀ ilé báyìí,
mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan lórí ọ̀kan,
wọ́n ń gbọ́ òjò.